Ohun Tó O Bá Ti Ń Gbé Pamọ́ fún Ará Ilé Ẹ: Àǹtí Ń Dá Yín Lóhùn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Òjò Ìbàdàn ò tiẹ̀ jẹ́ ká ráyè mí, lánàá ni mo jókòó sínú máíkírà kan ní Mọ́kọ́lá, ó lé ní wákàtí kan, sún kẹrẹ fà kẹrẹ, ibẹ̀ náà ni mo ti ka lẹ́tà yín tán lórí fóònù, dírẹ́bà ń lu orin burúkú sí wa létí, èmi ń ka ẹ̀dùn ọkàn àwọn èèyàn. Lẹ́tà oṣù yìí pọ̀ gan-an, àmọ́ ohùn kan náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nínú gbogbo ẹ̀: Àǹtí, mi ò rí báyìí tẹ́lẹ̀, àwọn tó yí mi ká ni wọ́n ń fà mí lọ, kí ni kí n ṣe? Mo mú mẹ́rin nínú wọn. Àkọ́kọ́ gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ farabalẹ̀ kà á, torí ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ rán ọmọ wá síbí wá kàwé, irú yàrá tí ọmọ yín ń gbé ló ń sọ yìí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o Àǹtí. Ọmọ Ṣakí ni mí, Ìbàdàn ni mo ti ń kàwé, mo ti wà ní ọdún kẹta. Àgbowó ni mò ń gbé, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tá a ti jọ wà láti sẹ́kọ́ńdìrì. Díákónì ni bàbá mi, èmi náà wà nínú kọ́yà. Ọ̀rẹ́ mi yìí bẹ̀rẹ̀ yahoo lọ́dún tó kọjá, kò fipá mú mi rí o, ká má parọ́ mọ́ ọn. Òun ló ń ra epo sí jẹ́nẹ́, òun ló ń ra ìrẹsì sílé, òun náà ló san owó ilé tèmi nígbà tí owó bàbá mi ò tètè dé. Lóṣù méjì sẹ́yìn ló ní báǹkì ti ti ákáǹtì òun pa, pé kí n jẹ́ kí wọ́n fi owó kan ránṣẹ́ sí tèmi kí n gbà á jáde fún òun. Mo ṣe é, ó fún mi ní 40,000 náírà níbẹ̀. Ó ti di ẹ̀ẹ̀mẹta báyìí. Àǹtí, mi ò ṣe yahoo o, mi ò bá òyìnbó kankan sọ̀rọ̀ rí. Àmọ́ látìgbà náà, tí wọ́n bá ní kí n kọ sólò, ohùn mi kì í jáde dáadáa mọ́. Mo ti pa àlẹ́ẹ̀tì lórí fóònù mi torí àbúrò mi obìnrin máa ń fi fóònù mi ṣeré tó bá wá kí mi, mi ò fẹ́ kó rí i. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni mo ṣẹ̀? Ṣé kí n kó jáde nílé yẹn? Mi ò lówó ilé míì o. (Ọmọ Kọ́yà, Àgbowó)

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, mo ka lẹ́tà ẹ lẹ́ẹ̀mejì, ẹlẹ́ẹ̀kejì ni mo tó rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ibi tó o ti ní o pa àlẹ́ẹ̀tì yẹn ni. Tí bàbá ẹ bá fi owó ilé ìwé ránṣẹ́, ṣé o máa ń pa àlẹ́ẹ̀tì? O máa ń hó ni jàre! Ọwọ́ ẹ ti mọ ohun tí ẹnu ẹ ṣì ń bi mí. Èmi ò gbà pé ọjọ́ tí ọlọ́pàá bá kan ilẹ̀kùn ni ìwà èèyàn ń bàjẹ́, ọjọ́ tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé nǹkan pamọ́ fún àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, kódà kí nǹkan ọ̀hún kéré bí ẹ̀wà.

O ní o ò ṣe yahoo. Ó dáa. Àwọn ọmọ yẹn fúnra wọn ní orúkọ tí wọ́n ń pe ẹni tí owó ń gba inú ákáǹtì ẹ̀ kọjá, píkà ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ gidi ni lọ́dọ̀ wọn, ó níye tí wọ́n ń san fún un, ìyẹn gan-an sì ni 40,000 tó fún ẹ, kì í ṣe ẹ̀bùn o. Ẹni tó jókòó sójú lápútọ́ọ̀pù tó ń fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tan opó kan ní Amẹ́ríkà, kò tíì jẹ nǹkan kan títí owó yẹn á fi rí ibi bà lé, orí ìwọ ló bà lé. Àwọn bàbá wa ti sọ eléyìí tán kí báǹkì kankan tó dé Dùgbẹ̀: ẹni tó gbé epo lájà ò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un.

Ẹ̀rù tún yẹ kó bà ẹ́ níbòmíì, mi ò ní fi bò fún ẹ. BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí báǹkì ń fún èèyàn, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2014, ti so gbogbo ákáǹtì tó o ní pọ̀ mọ́ orúkọ ẹ, ojú ẹ àti ìka ẹ. Ọjọ́ tí ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì bá lọ fẹjọ́ sùn, ibi tí owó kọ́kọ́ wọ̀ ni wọ́n máa tọpa dé, orúkọ tí wọ́n á sì bá níbẹ̀, orúkọ ọmọ díákónì láti Ṣakí ni, wọn ò ní bá orúkọ ọ̀rẹ́ ẹ rárá. Ìwọ rò ó wò, kí ló dé tí báǹkì ti tiẹ̀ pa, tó wá ń wá tìẹ? Òfin lórí jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì ti wà láti 2015, òmíràn tún wà láti 2022 tó ń bá ẹni tó bá ń bá ọ̀daràn gbé owó kiri wí. Àwọn EFCC tó ń mú àwọn oníjìbìtì sì ní ọ́fíìsì ńlá ní Ìyágankú níbí, kò jìnnà sí ẹ rárá, ọkọ̀ méjì péré. "Mo kàn bá a gba owó ni" kì í ṣe ohun tó ń mú adájọ́ rẹ́rìn-ín.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹ dùn mí ni pé ọ̀rẹ́ ẹ ò fipá mú ẹ. Ká ní ó fọ̀bẹ sí ẹ lọ́rùn ni, o ò bá sá. Ìrẹsì ló fi mú ẹ, epo jẹ́nẹ́ ló fi mú ẹ, owó ilé tó san lọ́jọ́ tójú ń pọ́n ẹ. Ta ló lè jẹ ìrẹsì èèyàn fún ọdún kan gbáko kó wá là á mọ́lẹ̀ pé "rárá"? Àánú ló ń ṣe é lóòótọ́, mo gbà bẹ́ẹ̀, ọ̀rẹ́ ẹ kì í ṣe èṣù. Ṣùgbọ́n gbèsè ọpẹ́ ti wọ̀ ẹ́ lọ́rùn, òun náà sì mọ̀ ọ́n, kódà kó má mọ̀ pé òun mọ̀.

Jẹ́ n sọ tèmi fún ẹ, kó o má rò pé orí òkè kan ni mo jókòó sí tí mò ń ju òkò. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ọ́fíìsì kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ákáǹtì, níbí nílùú Ìbàdàn, mi ò ní dárúkọ wọn. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni ọ̀gá wa máa ń pín owó kan, "owó ẹran" ni wọ́n ń pè é. Tá a bá ra bébà ọgọ́rùn-ún, ríṣíìtì á kọ àádọ́jọ, ohun tó bá ṣẹ́ kù la ó pín. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo ní mi ò gbà, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín, ìyá kan tó fẹ́ràn mi gan-an, tó máa ń bá mi gbé ọmọ, ló fọwọ́ ara ẹ̀ ki owó ọ̀hún sínú báàgì mi. Ní Jímọ̀ kejì èmi fúnra mi ni mo la báàgì. Àmọ́ mi ò náwó yẹn nílé o, agolo mílíìkì ńlá kan ni mò ń kó o sí, mo wá ti agolo sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí ọkọ mi má rí i. Mo sì ń lọ sí ìpàdé àdúrà ní gbogbo Wednesday, èmi ni mò ń ṣáájú orin!

Ọjọ́ kan ni màmá mi wá láti Òjé, ó gbé èlùbọ́ wá, ó ń wá agolo tó máa dà á sí. Ó fa èyí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì jáde, ó ṣí i. Ó bi mí pé owó kí lèyí. Ọmọ mi, mo ní èdè Yorùbá lẹ́nu, mo ní gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu, mi ò rí ọ̀rọ̀ kan sọ. Màmá ò bú mi, kò pariwo. Ó dé agolo yẹn padà, ó tì í síbi tó ti bá a. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ni mo sè lọ́jọ́ náà, èyí tó fẹ́ràn jù, kò fọwọ́ kàn án. Omi ló bù mu, omi kànga tó fọwọ́ ara ẹ̀ fà, ó gbé gèlè ẹ̀, ó wọ ọkọ̀ padà sí Òjé. Títí dòní tí mo bá rí agolo mílíìkì, ikùn mi máa ń rú.

Mo jáwọ́. Ó sì ná mi ní nǹkan, wọn ò ní sọ ìyẹn fún ẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n gbé mi lọ sí stóò lẹ́yìn, wọ́n sọ mí ní "Ìyá Ìjọ," ìyá tó máa ń bá mi gbé ọmọ ò bá mi sọ̀rọ̀ fún bí ọdún kan, èmi nìkan ni mò ń dá jẹun ọ̀sán. Mo sunkún gan-an. Mi ò kábàámọ̀, àmọ́ mo sunkún.

Ó yá, ohun tó o máa ṣe. Nígbà tó bá tún ní kó o gba owó, má sọ pé ákáǹtì ẹ ti níṣòro, á ní kó o lọ ṣí òmíràn. Sọ fún un pé "mi ò ṣe mọ́," kó o dákẹ́. Má wàásù fún un, má sì halẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, wọ ọkọ̀ lọ sí Ṣakí, má sọ ọ́ lórí fóònù, lọ bá bàbá ẹ lójúkojú. Á bínú. Bóyá á tiẹ̀ dìde nàró. Jẹ́ kó bínú tán. Díákónì ni o, àmọ́ bàbá ẹ ló kọ́kọ́ jẹ́, ẹ̀yin méjèèjì ni kẹ́ ẹ jọ wá lọ́yà kan, kó tó di pé ìwọ lọ sọ ohunkóhun ní báǹkì tàbí níbòmíì. Lọ́yà yẹn ló máa sọ ohun tẹ́ ẹ máa fi owó tó wà lọ́wọ́ ẹ ṣe, má dá a padà fún ọ̀rẹ́ ẹ, má sì fi san ìdámẹ́wàá, mo bẹ̀ ẹ́.

Ilé ńkọ́? Kó jáde. Lọ máa pááṣì lọ́dọ̀ ọmọ kọ́yà kan títí sáà yìí á fi parí, wọ́n pọ̀ tí wọ́n máa gbà ẹ́, ìwọ ni o ò tíì béèrè torí o ò fẹ́ kí wọ́n bi ẹ́ pé kí ló dé. Ibi ìbòjú nìyẹn tún dé o, ṣó o rí i? Wọ́n ní Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì, jẹ́ kó gbè ẹ́. Kọ́yà ńkọ́? Má fi sílẹ̀. Fi sólò sílẹ̀ ná, dúró sẹ́yìn láàárín àwọn ténọ̀, kọ èyí tó bá jáde.

ÌBÉÈRÈ: Àsàláàmù àlékúmù, Àǹtí wa. Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági, ànkárá àti léèsì. Ọjà ti dá gùdẹ̀ láti bí ọdún méjì, mo jẹ gbèsè. Àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta tá a jọ wà ní láìnì kan náà ló mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá kan, ó fún mi ní ọṣẹ àti nǹkan kan tí mo máa rì sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Mo rì í ní ọ̀sẹ̀ méjì sí Iléyá, ọjà sì tà o, mi ò ní parọ́. Àmọ́ tí mo bá ń kírun báyìí, ó ń ṣe mí bíi pé mò ń bá ẹni tí mo ti dà sọ̀rọ̀. Ọkọ mi ò mọ̀, áfáà wa ò mọ̀. Mo fẹ́ hú u, àwọn ọ̀rẹ́ mi ní tí mo bá hú u wàhálà á dé bá mi, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la sì jọ ń dá àjọ. (Ìyá Aláṣọ, Gbági)

ÌDÁHÙN: Wàálékúmù sàláàmù, Ìyá Aláṣọ. Ẹ má bínú pé mo rẹ́rìn-ín o. Ọ̀sẹ̀ méjì sí Iléyá! Ẹni tó ń ta bọ́tìnì ń tà ní ọ̀sẹ̀ méjì sí Iléyá. Ẹ lọ wo ìwé ọjà yín ti èṣí àti ti ìdúnta, irú àsìkò yẹn náà, kí ẹ wò ó bóyá ọṣẹ ló tà á. Ohun tó mú ọjà yín dá gùdẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, láti June 2023 tí wọ́n ti fi náírà sílẹ̀ kó máa wá iye ara ẹ̀, ẹni tó ń ra léèsì márùn-ún ń ra méjì, ẹni tó ń ra méjì ti lọ yá ti àǹtí ẹ̀ wọ̀. Nǹkan tẹ́ ẹ rì sẹ́nu ọ̀nà ò lè bá báǹkì àpapọ̀ sọ̀rọ̀.

Ní ti ẹ̀sìn, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, mi ò ní dìde kọ́ yín ní ohun tí ṣíríkì, ìyẹn fífi nǹkan míì ṣe orogún Ọlọ́run, jẹ́, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ, ìdí nìyẹn tí ìrun ò fi lọ geere. Àmọ́ inú ilé Mùsùlùmí ni mo dàgbà sí lápá ìyá mi, ọ̀rọ̀ Ànọ́bì kan sì wà tí bàbá àgbà máa ń sọ fún wa, ó wà nínú hádíìsì Bùhárì àti ti Múslímù. Ó fi ọ̀rẹ́ rere wé ẹni tó ń ta lọ́fínńdà mísíkì, tí kò bá bù fún ẹ, o lè rà níbẹ̀, tó ò bá sì rà, òórùn dídùn á ṣáà bá ẹ délé. Ó fi ọ̀rẹ́ burúkú wé ẹni tó ń fín ẹwìrì lágbẹ̀dẹ, bí iná ò bá jó aṣọ ẹ, èéfín á bá ẹ lọ. (Kì í ṣe pé iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ burú o, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ Ògún wá bá mi.) Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta léèsì ló yẹ kó yé jù, ẹ̀ta iná kan péré, ìdì kan ti lọ.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn lára àwọn ọ̀rẹ́ yín kì í ṣe pé wọ́n mú yín lọ, àwọn náà ń wá oúnjẹ. Ìhàlẹ̀ ni mi ò fẹ́ràn, pé tẹ́ ẹ bá jáwọ́, wàhálà á dé. Ọ̀rẹ́ tí ò lè jẹ́ kéèyàn rọra padà síbi tó ti wá, ìtìmọ́lé nìyẹn.

Torí náà, ẹ sọ fún ọkọ yín lálẹ́ òní, lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ má sọ ọ́ lójú àwọn ọmọ. Ẹ̀yin méjèèjì kẹ́ ẹ lọ bá áfáà yín, kí áfáà sọ bí wọ́n ṣe ń hú u. Lójúmọmọ ni kẹ́ ẹ hú u o, ẹ ò jalè. Àjọ wá ńkọ́, ẹ má sá lójú àjọ! Tẹ́ ẹ bá ti kó tiyín, ẹ máa dá a lọ títí ẹni tó kẹ́yìn á fi kó tiẹ̀, ojúmọ́ kan kò gbọdọ̀ yẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn kẹ́ ẹ wá kí wọn pé ó dìgbà. Tẹ́ ẹ bá fi owó èèyàn sílẹ̀ sá lọ tẹ́ ẹ ní torí Ọlọ́run ni, wọn ò tún ní gbà gbọ́ pé Ọlọ́run wà nínú ọ̀rọ̀ yín. Kẹ́ ẹ sì máa ya fọ́tò aṣọ yín sórí WhatsApp, àwọn ọmọdé tẹ́ ẹ jọ wà ní láìnì ń tà níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Àpáta ni mò ń gbé. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 12, TikTok ti gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ti ń sọ̀rọ̀ bí àgbàlagbà, ó ń jó ijó tí mi ò lè wò, tí mo bá wọlé báyìí ó máa dojú fóònù délẹ̀ kíá. Mo fẹ́ fọ́ fóònù yẹn mọ́ ògiri kí n sì fi pàṣán tẹ̀ lé e. Ìyàwó mi ní kí n kọ́kọ́ bi yín. (Bàbá Ọmọge, Àpáta)

ÌDÁHÙN: Ẹ bá mi kí ìyàwó yín, ọlọ́gbọ́n ni. Bàbá, ta ló ra fóònù yẹn? Ta ló bá a ṣí i? Ọdún 13 ni TikTok fúnra wọn ní kí ọmọ tó pé kó tó lo nǹkan wọn, nítorí náà irọ́ ọjọ́ orí ni wọ́n fi wọlé, bí ẹ̀yin bá sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà tẹ́ ẹ ní "kò burú, máa tẹ̀ ẹ́ lọ," a jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ. Ẹ yọ ọ́ kúrò ná, ẹ sọ ìdí fún un. Tó bá pé ọdún tẹ́ ẹ fẹ́ dá a padà fún un, ibì kan wà nínú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Family Pairing, ẹ lè so tiẹ̀ mọ́ tiyín, kẹ́ ẹ fi wákàtí sí i.

Ẹ má fọ́ fóònù. Tẹ́ ẹ bá fọ́ ọ, á lọ máa wò ó lórí ti ọ̀rẹ́ ẹ̀, níbi tẹ́ ẹ ò tiẹ̀ ti ní mọ̀ bóun ń dojú ẹ̀ délẹ̀. Pàlọ̀ ni kí gbogbo fóònù ilé máa sùn láti aago mẹ́sàn-án alẹ́, lórí tábìlì kan. Gbogbo ẹ̀ ni mo wí o, tiyín náà.

Ìbéèrè kan ló kù tí mo fẹ́ bi yín, ẹ má dá mi lóhùn, ẹ dá ara yín lóhùn. Dídojú fóònù délẹ̀ yẹn, níbo ló ti kọ́ ọ? Torí mo mọ ọ̀pọ̀ bàbá tó jẹ́ pé tí ìyàwó bá ti gbé omi wọlé, ojú fóònù ti dé ilẹ̀. Ẹ pe ọmọ yẹn jókòó lọ́jọ́ Sátidé kan, ẹ ní kó fi ijó yẹn hàn yín láti ìbẹ̀rẹ̀, kó sọ fún yín ẹni tó kọ́kọ́ fi hàn án. Ẹ má lanu ìbínú. Ẹ ó gbọ́ orúkọ kan tó máa yà yín lẹ́nu, bóyá ẹ̀gbọ́n kan nínú ilé ni.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí ẹ gbà mí o. Bẹẹrẹ ni ilé wa wà. Ọmọ ìjọ ni wá. Lọ́jọ́ ọdún Òkèbàdàn, àwọn tó ń kọrin èébú kọjá níwájú ilé wa, ọmọkùnrin mi ọmọ ọdún 8 ti kọ́ ọ̀kan, èyí tó burú jù. Ó kọ ọ́ ní Sunday School. Tíṣà ránṣẹ́ pè mí. Pásítọ̀ ní ká kó kúrò ní àdúgbò. (Ìyá Olórin)

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ nu ojú mi. Pásítọ̀ ńkọ́, ṣé òun ló máa san owó ilé ní Akọ̀bọ̀? Ẹ dúró sílé yín jàre. Òkèbàdàn dàgbà ju ìjọ yín àti tèmi lọ, òkè tó gba àwọn ará Lágelú, ẹni tó tẹ Ìbàdàn dó, mọ́ra nígbà ogun ni wọ́n ń rántí, ìgbà tí wọ́n ń jẹ òro àti ìgbín, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kì wá ní ọmọ ajòro sùn, ọmọ ajẹ̀gbín yó, ọmọ afìkarahun fọ́rí mu. Ẹ ò bá wọn bọ òkè, ìyẹn dáa bẹ́ẹ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn yín lọ́jọ́ náà kẹ́ ẹ fi rédíò sí i. Ọjọ́ kan lọ́dún ni orin yẹn, ilẹ̀ bá ti ṣú, ó tán, ẹni tó bá kọ ọ́ lọ́jọ́ kejì wèrè ni gbogbo Bẹẹrẹ máa pè é. Èyí tí ọmọ yín ń gbọ́ nínú máíkírà láàárọ̀ lọ sílé ìwé àti lọ́sàn-án bọ̀, tí ò lọ́jọ́ tó ń parí, tí ẹnikẹ́ni ò sì pè yín sí, ìyẹn ló yẹ kí pásítọ̀ gbàdúrà lé lórí.

Ọmọ ọdún 8 tó kọ orin burúkú sókè ketekete lójú tíṣà, ọkàn ẹ̀ ṣì mọ́, kò tíì mọ ohun tó ń pamọ́. Ẹ pè é, ẹ sọ fún un pé orin yìí ń tàbùkù ara èèyàn, a kì í kọ ọ́ nílé wa, kẹ́ ẹ fi orin míì dípò ẹ̀, ọmọdé kì í fẹ́ kí ẹnu òun ṣófo. Ẹ má nà án. Ní ti ohùn tẹ́ ẹ fi ká orin ọ̀hún sílẹ̀ tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, pé kí n gbọ́ bó ṣe burú tó, mo ti gbọ́ ọ. Nínú máíkírà ni mo ti tẹ̀ ẹ́, mi ò fi nǹkan sétí. Dírẹ́bà pa orin tiẹ̀, gbogbo ọkọ̀ yíjú wo èmi ìyá arúgbó.